Ìkòkò kan, máàkì ìlera mẹ́ta: báwo la ṣe ń ka máàkì tí wọ́n ń fún rẹ́sípì?

Adéwọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ máàkì ìlera tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ rẹ́sípì wò dáadáa, nítorí ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú. Ẹ jẹ́ ká fi rẹ́sípì yìí ṣe àpẹẹrẹ:

Ẹ̀wà gbígbẹ 400 g
Tòmátò tútù 500 g
Àlùbọ́sà 150 g
Òróró sunflower 60 ml (ṣíbí ńlá 4)
Iyọ̀ 12 g (ṣíbí tíì 2, tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tẹ́jú)
Omi títí ẹ̀wà á fi rọ̀. Oúnjẹ èèyàn 4 ni.

Bí a bá kó o sínú ẹ̀rọ ìṣírò Nutri-Score, èyí tó ń fún oúnjẹ ní lẹ́tà láti A dé E, A ló ń gbé jáde, lẹ́tà tó dára jù lọ. Bí a bá kó o sínú èyí tó ń lo àwọ̀ iná títì ti UK (àwọ̀ ewé fún kékeré, ìyeyè fún àárín, pupa fún púpọ̀), iyọ̀ rẹ̀ gba pupa. Ẹ̀kẹta, èyí tó ń lo ìwọ̀n òòjọ́ ti Amẹ́ríkà, ní sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀) tó wà nínú abọ́ kan ti kó 52% ohun tó yẹ kéèyàn jẹ lójúmọ́. Lójú ewé kan náà, ìràwọ̀ 4.7 tún wà lábẹ́ àwòrán oúnjẹ náà. Ìkòkò kan ṣoṣo ni o. Èwo ni ká mú, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe ìṣírò ọ̀hún? Ẹ bá wa fi nọ́ńbà ṣàlàyé.

Ìyá_Oníwọ̀n

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò parọ́. Ìbéèrè tí kálukú wọn ń dáhùn ló yàtọ̀.

Ìràwọ̀ 4.7 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò lára wọn. Àwọn tó sè é tí wọ́n sì jẹ ẹ́ ló fún un ní ìràwọ̀ yẹn, adùn ni wọ́n sì ń wọ̀n. Kéèkì tí bọ́tà kún inú rẹ̀ lè gba 4.9. Ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ ni pé Ọsirélíà àti New Zealand náà ní ìràwọ̀ tiwọn, Health Star Rating, láti ọdún 2014. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ìràwọ̀, ó dé 5, èròjà inú oúnjẹ ló sì ń wọ̀n. Bí ẹ bá rí ìràwọ̀ lórí rẹ́sípì, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ iye èèyàn tó dìbò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́, adùn lẹ̀ ń wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ máa bi máàkì ìlera èyíkéyìí: kí lo pín èròjà náà sí? Nutri-Score ń wo 100 g. Iná títì ti UK ń wo 100 g, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ ẹnì kan bá ju 100 g lọ, ó tún máa ń wo odindi abọ́ náà. Ìwọ̀n òòjọ́ ti Amẹ́ríkà ń wo abọ́ nìkan. Ẹ̀wà tiyín yìí, bó bá jinná tán, abọ́ kan rẹ̀ á tó 400 g. Ohun tó kéré nínú 100 g lè pọ̀ gan-an nínú 400 g. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ yẹn ti wá.

Ajíṣírò

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìṣírò Nutri-Score sílẹ̀ kí gbogbo wa lè rí inú rẹ̀. Faransé ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2017. Inú ìlànà kan tí Food Standards Agency, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní UK, ṣe, tí wọ́n fi ń mọ irú oúnjẹ tí kò yẹ kí wọ́n polówó fún ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n ti mú un jáde. Ẹ̀dà 2023 ni mo fẹ́ lò, torí ó le lórí iyọ̀ àti ṣúgà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé ká ṣe àròpọ̀ ohun tó wà nínú ìkòkò. Nọ́ńbà ẹ̀wà máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti irú kan sí òmíràn, àmọ́ kò ní jìnnà sí èyí:

Ẹ̀wà 400 g: kálórì 1,340, purotéènì 92 g, fáíbà 60 g, ṣúgà 9 g.
Tòmátò 500 g: kálórì 90, purotéènì 4.5 g, fáíbà 6 g, ṣúgà 13 g.
Àlùbọ́sà 150 g: kálórì 60, purotéènì 1.7 g, fáíbà 2.6 g, ṣúgà 6 g.
Òróró 60 ml, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 55 g: kálórì 495.
Ọ̀rá saturated, ìyẹn irú ọ̀rá tó máa ń dì nígbà òtútù, jẹ́ nǹkan bí 7 g lápapọ̀. Inú òróró ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá.

Àpapọ̀ rẹ̀: kálórì 1,985, purotéènì 98 g, fáíbà 69 g, ṣúgà 28 g, ọ̀rá saturated 7 g, iyọ̀ 12 g.

Ìgbésẹ̀ kejì: ká ní ẹ̀wà tó jinná náà wọn 1,600 g. Ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí 16. Nínú 100 g, a ní kálórì 124 (ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4.184, ó di 519 kJ, ìyẹn kilojoule, ìwọ̀n míì fún agbára oúnjẹ), purotéènì 6.1 g, fáíbà 4.3 g, ṣúgà 1.8 g, ọ̀rá saturated 0.4 g, iyọ̀ 0.75 g.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni póìǹtì burúkú. Agbára oúnjẹ ju 335 kJ lọ, kò dé 670, póìǹtì 1. Ṣúgà kò ju 3.4 g lọ, òdo. Ọ̀rá saturated kò ju 1 g lọ, òdo. Iyọ̀ ń gba póìǹtì kan fún 0.2 g kọ̀ọ̀kan tó bá ré kọjá, nítorí náà 0.75 gba 3. Àpapọ̀ póìǹtì burúkú jẹ́ 4.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni póìǹtì rere. Purotéènì ju 4.8 g lọ, 2. Fáíbà ju 4.1 g lọ, 2. Èso, ewébẹ̀ àti ẹ̀wà ju 60% lọ, 2. Àpapọ̀ jẹ́ 6.

Ẹ yọ 6 kúrò lára 4, ó ku −2. Láti òdo sísàlẹ̀ ni A. B jẹ́ 1 àti 2, C jẹ́ 3 dé 10, D jẹ́ 11 dé 18, E jẹ́ 19 lọ sókè. Bí ẹ̀wà yín ṣe gba A nìyẹn.

Ohun méjì kan wà tí àwọn tó ń fọwọ́ ṣe ìṣírò yìí máa ń gbàgbé. Bí póìǹtì burúkú bá ti tó 11, wọn kì í ka purotéènì mọ́, àfi fún wàràkàṣì. Ẹran pupa pẹ̀lú, bí purotéènì rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó, kò lè gba ju póìǹtì 2 lọ.

Adéwọ̀n

Ẹ ṣeun gan-an ni, ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n níbo ni 1,600 g ti wá? Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀, láìka omi, 1,117 g ni. Ẹ tún sọ pé ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ju 60% lọ: ṣé ẹ̀wà gbígbẹ lẹ kà ni àbí èyí tó ti mu omi?

Ìyá_Oníwọ̀n

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe máàkì rẹ́sípì kọ́kọ́ bèèrè. A kì í fọkàn rò 1,600 yẹn, a máa ń wọ̀n ọ́n ni.

Kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná, ẹ gbé e sórí sikéèlì lófìfo, láìsí ọmọrí. Ká ní ó jẹ́ 1,250 g. Ẹ kọ ọ́ síbì kan tí kò ní sọ nù. Àwọn míì máa ń fi máákà kọ ọ́ sí ìdí ìkòkò. Bí oúnjẹ bá jinná, ẹ jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, torí sikéèlì kékeré kì í fẹ́ ooru, ẹ wá tún un gbé ka orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2,850 g, ẹ yọ 1,250, ó ku 1,600. Sikéèlì tó lè gbé 5 kg tó fún èyí. Èyí tí agbára rẹ̀ mọ ní 3 kg á kọ̀ bí ìkòkò bá nípọn. Nígbà náà ẹ bu oúnjẹ náà sínú abọ́ ńlá, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá pín in sí 1,117 g, bí ẹni pé omi kankan ò wọ inú rẹ̀, iyọ̀ á di 1.07 g nínú 100 g dípò 0.75, kálórì á di 178 dípò 124. Oúnjẹ yẹn kò sí láyé, torí kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ̀wà láìse é.

Àṣìṣe tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kéèyàn kọ ẹ̀wà gbígbẹ 400 g, kó wá lọ mú nọ́ńbà ẹ̀wà sísè nínú àkójọ èròjà. Ẹ̀wà sísè ní nǹkan bíi kálórì 127 nínú 100 g, gbígbẹ ní 335. 400 g á wá di kálórì 508 dípò 1,340. Kálórì 832 ti sọ nù lórí ìwé, ìyẹn 208 nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìrẹsì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: 100 g rẹ̀ ní tútù máa ń di 280 sí 300 g bó bá jinná, kálórì rẹ̀ á sì wálẹ̀ láti nǹkan bí 360 sí 130 nínú 100 g. Ẹran ń lọ sí òdìkejì, ó lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀ lórí iná. Ẹ máa wo àwọn ọ̀rọ̀ bíi “tútù”, “gbígbẹ”, “sísè”, “tí a ro omi rẹ̀ nù” tó wà lẹ́yìn orúkọ oúnjẹ nínú àkójọ kí ẹ tó tẹ ẹ́.

Ajíṣírò

Lórí 60% yẹn: ẹ̀wà gbígbẹ ni mo kà. 400 + 500 + 150 jẹ́ 1,050. Pín in sí 1,600, ó jẹ́ 65.6%. Bí ẹnì kan bá ka ẹ̀wà tó ti mu omi, á ré 80% kọjá, póìǹtì rẹ̀ á di 5 dípò 2, àpapọ̀ á sì di −5. A náà ni. Bí ọ̀nà méjì bá wà láti kà á, mo máa ń mú èyí tó fún oúnjẹ ní póìǹtì tó kéré, kí n má bàa gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Pòtétò àti àwọn oúnjẹ oníṣítáṣì míì tó ń ta nínú ilẹ̀ kò sí lára ewébẹ̀ nínú ìṣírò yìí o. Rẹ́sípì pòtétò máa ń gba òdo níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe.

Ọmọ_Láàbù

Mo gbà pẹ̀lú ìṣírò yẹn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Iyọ̀ 12 g fún èèyàn 4 jẹ́ 3 g fún ẹnì kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó 5 g lójúmọ́. Abọ́ kan ti kó 60% rẹ̀, lẹ́tà A sì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá rí A yẹn, kí ni ká sọ fún un?

Dìẹ́tíṣàn_Àǹkẹ́

Ká sọ fún un pé kó má fi lẹ́tà yẹn nìkan ṣe ìpinnu. Nutri-Score ni wọ́n ṣe fún oúnjẹ inú páálí àti agolo, kí ẹni tó dúró níwájú irú kan náà méjì lè mọ èyí tó sàn jù: bisikí sí bisikí, ọbẹ̀ agolo sí ọbẹ̀ agolo. Ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Kò mọ iye tí ẹ máa bù sínú abọ́. Kò sì mọ ohun tí ẹ ti jẹ láàárọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn iná títì fún oúnjẹ tí a fọwọ́ ara wa sè. Àwọn ààlà rẹ̀ láti 2013 nìyí, nínú 100 g oúnjẹ:

Ọ̀rá: dé 3 g jẹ́ àwọ̀ ewé, ju 17.5 g lọ jẹ́ pupa.
Ọ̀rá saturated: dé 1.5 g jẹ́ àwọ̀ ewé. Ju 5 g lọ jẹ́ pupa.
Ṣúgà: dé 5 g jẹ́ àwọ̀ ewé, ju 22.5 g lọ jẹ́ pupa.
Iyọ̀: dé 0.3 g jẹ́ àwọ̀ ewé, ju 1.5 g lọ jẹ́ pupa.

Ohun tó bá wà láàárín jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Bí abọ́ ẹnì kan bá wá ju 100 g lọ, pupa tún ni bí ọ̀rá inú abọ́ náà bá ju 21 g lọ, ọ̀rá saturated ju 6 g, ṣúgà ju 27 g, tàbí iyọ̀ ju 1.8 g lọ.

Ẹ fi ẹ̀wà yín sí i. Ọ̀rá inú 100 g jẹ́ nǹkan bí 3.8 g, ìyeyè. Nínú abọ́ ó jẹ́ 15 g, kò dé pupa. Ọ̀rá saturated àti ṣúgà jẹ́ àwọ̀ ewé. Iyọ̀ inú 100 g, 0.75, ìyeyè ni. Abọ́ kan ní 3 g iyọ̀, ó ti ré 1.8 kọjá. Pupa. Kò sí bí oore fáíbà àti purotéènì ṣe lè bo iyọ̀ yẹn mọ́lẹ̀, torí iná títì kì í da èròjà pọ̀ mọ́ra wọn. Nutri-Score ń jẹ́ kí rere san gbèsè burúkú. Iná títì ń jẹ́ kí kálukú dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kó ṣọ́ ohun kan pàtó, kó wá máàkì tó bá ń fi ohun náà hàn ní òun nìkan.

Ní ti 52% yẹn: iyọ̀ 3 g pín sí 2.5 jẹ́ sódíọ̀mù 1.2 g, ìyẹn 1,200 mg. Ìwọ̀n òòjọ́ ti Amẹ́ríkà fún sódíọ̀mù jẹ́ 2,300 mg. Ìlànà kíkà rẹ̀ rọrùn: 5% sísàlẹ̀ kéré, 20% sókè pọ̀.

Akọ̀wé_Kóòdù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bàjẹ́ nínú sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀, torí kì í ṣe fọ́múlà nìkan ló ń ṣini lọ́nà.

Àkọ́kọ́ ni iye èèyàn. Bí máàkì bá dúró lórí abọ́, ẹni tó kọ rẹ́sípì kàn ní láti yí “èèyàn 4” padà sí “èèyàn 8”. Iyọ̀ inú abọ́ á já sí 1.5 g, pupa á di ìyeyè, kálórì á já sí 248. Kò sí ohun tó yí padà nínú ìkòkò. Kí ẹ tó gba máàkì abọ́ gbọ́, ẹ wo ìwúwo abọ́ náà ní gíráàmù. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ ṣe àròpọ̀ ohun inú rẹ́sípì kí ẹ pín in. Ẹ̀wà 200 g fún àgbàlagbà tí kò ní jẹ nǹkan míì mọ́ ọn, ó mú ìfura dání.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ò lè kà. “Iyọ̀ bó bá ṣe tó” máa ń di 0 g. “Òróró díẹ̀” máa ń di òdo, tàbí ṣíbí tíì kan. Rẹ́sípì tó bá ní ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí tó sì gba máàkì gíga, máàkì yẹn kò ka iyọ̀ rẹ̀ rárá. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ nìyí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ rẹ́sípì síta máa kọ gíráàmù iyọ̀.

Ẹ̀kẹta, àpótí sódíọ̀mù kì í ṣe àpótí iyọ̀. Ẹni tó bá kọ iyọ̀ 12 g sínú àpótí sódíọ̀mù ti sọ fún ẹ̀rọ pé iyọ̀ 30 g ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ṣíbí. Ṣíbí tíì kan iyọ̀ kúnná jẹ́ nǹkan bí 6 g. Iyọ̀ pẹlẹbẹ tàbí oníkókó lè má ju ìdajì ìyẹn lọ nínú ṣíbí kan náà, torí afẹ́fẹ́ wà láàárín rẹ̀. Sikéèlì kì í ní irú wàhálà yìí.

Adéwọ̀n

Ṣé omi púpọ̀ náà lè gbé lẹ́tà Nutri-Score ga? Torí bí ìwúwo bá pọ̀, iyọ̀ inú 100 g á dínkù.

Ajíṣírò

Ó lè gbé e ga, àmọ́ ó sinmi lórí oúnjẹ. Ẹ da omi 400 g kún ẹ̀wà yín, kó di 2,000 g. Iyọ̀ á di 0.6 g, póìǹtì rẹ̀ á já sí 2. Ṣùgbọ́n fáíbà á wálẹ̀ sí 3.4 g, póìǹtì rẹ̀ á já sí 1, ewébẹ̀ náà á wálẹ̀ sí 52%, póìǹtì 1. Àpapọ̀ á di −1. Omi fọ rere ju bó ṣe fọ burúkú lọ. Ọbẹ̀ tó jẹ́ kìkì bọ́tà àti kíríìmù ló máa ń jèrè omi, torí kò ní póìǹtì rere tó fẹ́ pàdánù. Síbẹ̀, ẹni tó bá jẹ gbogbo ìkòkò náà tán ti jẹ iyọ̀ 12 g rẹ̀.

Ìyá_Oníwọ̀n

Ohun tí a kò jẹ kò yẹ kó wà nínú ìṣírò. Òróró tí a fi din nǹkan, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó din, ẹ sẹ́ ẹ lẹ́yìn tó bá tutù, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá jẹ́ 920 g tẹ́lẹ̀ tó wá ku 860, 60 g ló wọ oúnjẹ lọ, kálórì 540 nìyẹn. Ẹ kọ 60 g, ẹ má kọ 920. Omi iyọ̀ tí a fi rẹ ẹran tí a sì dà nù ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ẹ má ka gbogbo iyọ̀ rẹ̀, ẹ má sì kà á sí òdo. Ẹ wọn ẹran kí ẹ tó rẹ ẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìwúwo tó fi lé e jẹ́ omi iyọ̀ tó mu. Bí omi náà bá jẹ́ iyọ̀ 6 g nínú 100 g, tí ẹran sì fi 50 g lé e, iyọ̀ tó wọlé jẹ́ nǹkan bí 3 g.

Òróró tí a dà sínú ọbẹ̀ láìwọ̀n náà ń kó bá ìṣírò. 60 ml tí ọwọ́ sọ di 90 ml ti fi kálórì 248 kún ìkòkò.

Ọmọ_Láàbù

Àwọn áàpù kan tún wà tó ń fi fítámì àti mínírà ṣe máàkì. Èyí tí wọ́n ṣàlàyé dáadáa ni NRF9.3. Ó ń ṣe àròpọ̀ ìdá òòjọ́ èròjà 9: purotéènì, fáíbà, fítámì A, C àti E, kálísíọ̀mù, irin, màgníṣíọ̀mù àti potasíọ̀mù. Ó wá ń yọ mẹ́ta kúrò: ọ̀rá saturated, ṣúgà tí a fi kún un, àti sódíọ̀mù. Kálórì 100 ló ń pín in sí, kò sì jẹ́ kí èròjà rere kankan ju 100% lọ.

Òfin 100% yẹn ṣe pàtàkì. Áàpù tí kò bá ní in, kárọ́ọ̀tì tí fítámì A rẹ̀ ré 100% kọjá á gbé odindi oúnjẹ lọ sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ò nílò ju 100% lọ. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ kálórì ló ń pín in sí, ewébẹ̀ tó jẹ́ kìkì omi ló máa ń borí, oúnjẹ tó ń yó ni á sì máa kẹ́yìn.

Ewu míì ni pé ọ̀pọ̀ áàpù ń ka fítámì C tòmátò tútù bí ẹni pé kò rí iná rí. Fítámì C ń bá omi lọ, ooru sì ń pa á. Bí oúnjẹ bá pẹ́ lórí iná, ẹ má gbára lé nọ́ńbà yẹn àfi bí áàpù náà bá sọ pé òun yọ ohun tí sísè ń gbà.

Adéwọ̀n

Ìbéèrè kan kù. Àwọn rẹ́sípì tó ń kọ “kò sí ṣúgà nínú rẹ̀” tí wọ́n wá fi oyin sí i, báwo ni máàkì ṣe ń kà á?

Dìẹ́tíṣàn_Àǹkẹ́

WHO ka oyin, omi ṣúgà àti omi èso mọ́ irú ṣúgà kan náà tí wọ́n ní kí a dínkù, kó má ju 10% kálórì òòjọ́ lọ, kó tiẹ̀ wálẹ̀ sí 5% bó bá ṣeé ṣe. Fún kálórì 2,000, 50 g ni 10%. Ṣíbí ńlá oyin kan ní nǹkan bí 17 g ṣúgà. Nutri-Score àti iná títì ń ka gbogbo ṣúgà pọ̀, títí dórí èyí tó wà nínú wàrà àti odindi èso, nítorí náà oyin kò lè sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Áàpù tó ń ka “ṣúgà tí a fi kún un” nìkan ni wọ́n lè tàn jẹ, bí ẹni tó kó oyin sínú rẹ̀ bá fi í sí àyè tí kò yẹ.

Ọmọ_Láàbù

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìkòkò Adéwọ̀n. Mo rí i tí àwọn kan ń dámọ̀ràn iyọ̀ oní-potasíọ̀mù, torí sódíọ̀mù nìkan ni máàkì ń wò. Bí a bá fi í rọ́pò ìdajì iyọ̀, póìǹtì á wálẹ̀ lóòótọ́.

Dìẹ́tíṣàn_Àǹkẹ́

Ó ń wálẹ̀, àmọ́ ẹ má kọ ọ́ sínú rẹ́sípì tí gbogbo ayé máa kà láìfi ìkìlọ̀ sí i. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa kì í lè tọ potasíọ̀mù jáde bó ṣe yẹ. Ó lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ dé ibi tó máa da ìlù ọkàn rú. Àwọn òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà máa ń dá potasíọ̀mù dúró lára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó fẹnu kàn án. Kò sí ọ̀kan nínú máàkì tí a ti ń sọ látòní tó máa fi ewu yìí hàn án.

Ó sàn ká dín iyọ̀ gan-an kù. Bí ẹ bá fẹ́ kí pupa kúrò, abọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju 1.8 g lọ, ìkòkò kò gbọ́dọ̀ ju 7.2 g. Ẹ wọn 7 g: abọ́ kan di 1.75 g, ìyeyè. Lójú ti Amẹ́ríkà ó ṣì jẹ́ sódíọ̀mù 700 mg, 30%, ó ṣì “pọ̀”. Kó tó bọ́ sábẹ́ 20%, iyọ̀ inú ìkòkò ní láti wà lábẹ́ 4.6 g. Kó má bàa tẹ́, ẹ jẹ́ kí omi ara tòmátò gbẹ nínú òróró kí ẹ tó dà á sí ẹ̀wà, ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà pọ́n, ẹ fi iyọ̀ sí i nígbẹ̀yìn dípò ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fún ọsàn kíkan tàbí ọtí kíkan díẹ̀ sí i bí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Bí kúùbù amọ́bẹ̀dùn bá wọ inú rẹ̀, ẹ kà á mọ́ iyọ̀. Nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ iyọ̀: kúùbù 10 g kan ti lè kó gbogbo 4.6 g yẹn tán.

Adéwọ̀n

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Màá tún rẹ́sípì yẹn kọ pẹ̀lú iyọ̀ 7 g, ìwúwo ìkòkò àti ìwúwo abọ́. Bí ẹnì kan bá lo ẹ̀wà inú agolo ńkọ́?

Ìyá_Oníwọ̀n

Kó ro omi rẹ̀ nù, kó sì fi omi tó mọ́ ṣàn án nínú asẹ́ títí tí kò ní hó mọ́. Ìyẹn máa ń mú ìdá kan nínú mẹ́ta sódíọ̀mù rẹ̀ lọ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kó wọn ẹ̀wà náà lẹ́yìn tó bá ti ro tán, torí ìwúwo tí wọ́n kọ sára agolo ní omi nínú. 960 g rẹ̀ ló máa dípò 400 g gbígbẹ. Kó mú nọ́ńbà “ẹ̀wà agolo, tí a ro omi rẹ̀ nù” nínú àkójọ, kó fi omi díẹ̀ sè é, kó sì tọ́ ọ wò kó tó fi iyọ̀ kankan kún un.